Àwọn Ènìyàn Inú Ìwé Tí Mo Fi Omi Fọ̀

Peckham,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Rúkáyátù, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Bí inú bọ́ọ̀sì lo wà, ká a kí o fi sínú àpò títí o fi máa délé. Kò sí ẹni tó kú, kò sì sí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Mummy rẹ wà ní kíṣìnì, ó ń bá rédíò jiyàn. Èmi náà wà dáadáa, àfi orúnkún òsì yìí tó ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí mi.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí Daddy ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́, torí ohùn mi ń gbọ̀n, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní, Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ ni. Mo fi ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, mo fi ń bá kánsù jà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò sí nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kíkà rẹ kò yára. Má gbé e fún fóònù kó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ o. Ka á sókè fún ara rẹ díẹ̀díẹ̀, bí a ti máa ń ṣe ní òwúrọ̀ Sátidé nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń sunkún pé gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń wo kátúùnù.

Iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Edinburgh ló gbé gègé lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí o sọ ọ́ fún wa, Mummy rẹ ń jó yí tábìlì ká, èmi ń béèrè bóyá kóòtù rẹ nípọn tó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí, o mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o jáde tán, mo lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ra, mo sunkún ayọ̀, mo tún da omi sójú kí Mummy rẹ má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí ọ gan-an ni.

Jẹ́ kí a wá sórí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí o mú mi lọ síbi iṣẹ́ tí o ń fi sílẹ̀. Fún ọdún bíi mẹ́rin, tí wọ́n bá bi mí ní mọ́ṣáláṣí pé iṣẹ́ wo ni Ruka ń ṣe, mo máa ń ní o ń tún ìwé ṣe ní mùsíọ́mù. Àwọn kan rò pé o ń lẹ ẹ̀yìn ìwé mọ́ra. Èmi fúnra mi rò bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀.

O ní kí n fọ ọwọ́ mi, kí n sì nù ún gbẹ. O mú mi jókòó nídìí tábìlì kan nínú yàrá tó dákẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun, o ní, "Daddy, ẹ just relax, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan o." Lẹ́yìn náà lo gbé ìwé mẹ́ta wá lọ́kọ̀ọ̀kan, o gbé wọn lé ohun tí wọ́n fi ń gbé wọn ró níwájú mi. Yíǹkì tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi ya gbogbo wọn. O ní ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n gbẹ́ ṣe gègé, ní Ítálì, ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, ìgbà tí wọ́n ń pè ní Renaissance. Mo bi ọ́ pé kí ni ìyẹn. O ní, "It's when they started really looking at people again, Daddy. Bí ara ṣe ń move, bí ojú ṣe ń rí tí inú ẹnì kan bá bàjẹ́."

Èkíní jẹ́ arúgbó kan tó tẹ̀ síwájú, tó na apá bí ẹni tó ń pe ọmọ kúrò lójú títì. Mo ka apá rẹ̀, mo tún un kà.

"Ruka, apá mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ní?"

O rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó wà nídìí tábìlì kejì wò wá. "No, Daddy! Ó ń try ẹ̀ wò ni. Ó kọ́kọ́ ya apá yẹn síbí, kò work. Ó gbé e sókè díẹ̀, still no. Then he got it. Ink ni, kò lè pa á rẹ́, so ó kàn fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

Èkejì ni obìnrin tó jókòó, tí ọmọ ń yọ̀ bọ́ lórí itan rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó fi aṣọ gbé òkú. Ojú wọn kò ju àmì mẹ́rin márùn-ún lọ, bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ kàn án, síbẹ̀ mo mọ èwo nínú wọn ló jẹ́ ọmọ olóògbé. Èyí tó di ibi ẹsẹ̀ mú ni. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè wò ó.

Lẹ́yìn náà lo fi etí ìwé kẹta yẹn hàn mí, níbi tí omi ti kàn án láyé àtijọ́ tí yíǹkì fi tàn ká. O ní, "Omi ni enemy wa, Daddy. Once ó bá ti wọ inú paper, gbogbo nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í move." O wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé tó ti tọ́ tẹ́lẹ̀ tọ́. O kò wojú mi, èmi náà kò wojú rẹ.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, o bi mí pé, "Daddy, ẹ ò sọ nǹkan kan. Did you not like it?" Mo ní, "Ó dáa. Ó dáa gan-an." Mo wá kọjú sí fèrèsé, mo ń wo Walworth Road bí ẹni pé n kò wa bọ́ọ̀sì kọjá ibẹ̀ rí. Kò dára tó, Àjọkẹ́. Ẹni tó mú bàbá rẹ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó gbọ́ ju "ó dáa" lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀ tí màá fún ọ kí o tó lọ, mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ̀ràn, torí òun ló rọ̀ mí lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ìkíní dá lórí arúgbó alápá mẹ́ta yẹn.

Mo ti máa ń sọ fún ọ pé ọ́fíìsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí. Òótọ́ ni. Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Kílínà ni mo ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Bermondsey fún ọdún méjì àtààbọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi Lásísì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n wọ táì òun, ó mú mi jókòó sórí àga máníjà, ó ya fọ́tò mi. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo gbé tẹlifóònù sétí, mo lejú bí ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ńlá lọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí tẹlifóònù náà. Mo fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìwó.

Bàbá mi fi í sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ síbi tí gbogbo àlejò á ti kọ́kọ́ rí i. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi kọ̀wé sí mi pé ọmọ àbúrò wọn ń bọ̀ wá sí London, kí n fún un ní iṣẹ́ lábẹ́ mi. Mo purọ́ kan láti fi bo ti àkọ́kọ́. Mo ní wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Nígbà tó yá, n kò rántí ẹ̀ka tí mo wà mọ́. O lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n bàbá mi kú láì mọ iṣẹ́ tí ọmọ wọn ṣe. Gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, n kò lè sọ fún wọn rí pé ẹ̀yìn ń ro mí, torí pé ẹ̀yìn kì í ro máníjà. Ó dùn mí títí dòní pé n kò jẹ́ kí wọ́n kẹ́dùn mi nígbà tí mo nílò rẹ̀.

Nítorí náà, ní Edinburgh, má ṣe bí ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan láti ọjọ́ kìíní. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ní o kò mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì, sọ pé ó ṣì, kí o tún un ṣe lójú wọn. Ọkùnrin ará Ítálì yẹn fi apá tó kọ́kọ́ ṣì yà sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò bú u di òní. O tiẹ̀ ní kí n fọ ọwọ́ mi kí n tó wò ó.

Ọ̀rọ̀ kejì dá lórí obìnrin tí ọmọ ń yọ̀ bọ́ lórí itan rẹ̀.

O rò pé n kò wò ó pẹ́, torí mo yára ní kí o gbé èyí tó kàn wá. Mo mọ ọrùn obìnrin yẹn ni. Ọrùn Mummy rẹ gẹ́lẹ́ ni nígbà tó bá ti ọsibítù dé lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí méjìlá, tí ìwọ á máa fà á láṣọ pé kó wá wo nǹkan. Orí rẹ̀ á tẹ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ràn rẹ. Ta ló sọ fún ọkùnrin tó ti kú láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún? Ìlà méjì péré ló fi yà á.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì, ohun tí mo kọ́ jù níbẹ̀ ni wíwo ara ènìyàn. Mo lè wo ènìyàn láti ọ̀ọ́kán, kí n mọ̀ bóyá á sáré bá bọ́ọ̀sì tàbí á jẹ́ kó lọ. Èjìká ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níbi iṣẹ́ láti ara bó ṣe di irin mú. Ìyàwó tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fóònù, mo máa ń rí i nínú dígí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gbọ̀n. Ẹni tó bá fi ọdún púpọ̀ jókòó sí ọ̀nà Aylesbury Estate sí Peckham Rye, kò nílò ìwé kó tó mọ ohun tí àwọn ará Ítálì yẹn ń yà.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tèmi nìyí: mo ń wo àlejò nínú dígí, n kò wo ẹni tó wà nílé. Mo mọ ìgbà tí obìnrin àjèjì fẹ́ sunkún, n kò mọ̀ pé Mummy rẹ ti ń sunkún fún oṣù mẹ́fà ní ọdún tí ìyá rẹ̀ kú. Òun ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, ó ní, "Daddy Ruka, ẹ ò tiẹ̀ notice." Nítorí náà, má jẹ́ kí iṣẹ́ ìwé gba gbogbo ojú rẹ. Ìwé á dúró dè ọ́. Ẹni tí ẹ bá jọ ń gbé ilé, wo ọrùn rẹ̀ tó bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ kẹta, jẹun. Kí o sì máa kírun rẹ. Má jẹ́ kí ilé dùn mọ́ ọ débi tí o fi máa dá wà. Wá mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ kàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lọ kí àwọn ìyá ibẹ̀ kí wọ́n mọ ojú rẹ. Mummy rẹ ní kí n fi ìlà kan kún un lórí ọ̀rọ̀ ọkọ. Mo ti fi í kún un. Ó tán.

Ó wá ku èyí tí mo ń sá fún láti òwúrọ̀. Mo ti dìde mu tíì lẹ́ẹ̀mejì.

O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. O ní ìwé àwòrán kan tó ní páálí dúdú lẹ́yìn, ibikíbi tí o bá ń lọ o máa ń gbé e dání. Yíǹkì lo fi ń ya gbogbo rẹ̀. Ènìyàn lo sì ń yà: àwọn ìyá tó ń to ìlà nídìí ọkọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ọkùnrin tó ń ta ẹja ní Rye Lane tó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin kan tí a jọ ń kírun sọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé ẹni tó bá ya ohun tó ní ẹ̀mí, wọ́n á ní kó fún un ní ẹ̀mí lọ́jọ́ ìdájọ́. Kò bá mi wí o. Ọmọ tirẹ̀ ló ń bá wí. Mo gbọ́ gbólóhùn kan yẹn, mo gbé e lọ sílé bí ẹni gbé iná. Mi ò bi Ìmáámù, mi ò bi Mummy rẹ, mi ò bi ìwọ tí o ni ìwé.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo kó ìwé yẹn lọ sí ilé ìwẹ̀, torí mo rò pé títí dòní o gbà pé mo fẹ́ bà á jẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé kéú ní Ìwó, orí wàláà la ń kọ̀wé sí, pátákó pẹlẹbẹ yẹn tí mo ti júwe rẹ̀ fún ọ. Tàdáwà la fi ń kọ ọ́, yíǹkì dúdú tí Alfa wa fúnra wọn ń sè. Bí a bá ti há ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sórí, a ó bu omi, a ó fọ wàláà, yíǹkì á sì ṣàn lọ pátápátá. Pátákó á mọ́ bí ẹni pé a kò kọ nǹkan kan sí i rí. Àwọn kan a tiẹ̀ gbé omi rẹ̀ mu fún ìbùkún. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé bí yíǹkì ṣe ń lọ nìyẹn: omi ni, ọwọ́ ni, ó tán, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́.

Mo ní lọ́kàn pé màá fọ àwọn ènìyàn yẹn kúrò, màá sá ìwé rẹ sórí rédíétọ̀ tó ń mú ilé gbóná, màá dá a padà fún ọ ní funfun kí o fi ya òdòdó. Mo rò pé mo ń ṣe ọ́ lóore ni. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà ìfọṣọ, mo ri ìwé náà sínú rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ fọ̀ ọ́ bí wọ́n ti kọ́ mi.

Wọn ò lọ, Àjọkẹ́. Wọ́n ń wọ inú ara wọn. Ojú ẹni tó wà lójú ewé kan bọ́ sára ẹni tó wà ní èkejì. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́wọ́ mi. Bí mo ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe ni mo túbọ̀ ń bà á jẹ́. Nígbà tó yá, mo rọ gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí, mo gbé e síta kí o tó ti ilé ìwé dé.

O dé, o rí omi nílẹ̀. O ní, "Daddy, níbo ni sketchbook mi wà?"

Mo ní, "Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́? Like, ẹ fi omi fọ̀ ọ́?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fún ọ nígbà náà, mo sọ ọ́ pẹ́, mo gbé ohùn sókè. O wò mí títí mo fi sọ ọ́ tán. O ní, "OK, Daddy," o wọ yàrá rẹ lọ. Mummy rẹ gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì pe orúkọ mi.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí n tó bi Ìmáámù. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa. N kì í ṣe alfa, mi ò ní tún ṣi ọ̀rọ̀ wọn sọ níbí. Ìbéèrè tí wọ́n wá bi mí lẹ́yìn rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ ò béèrè kí ẹ tó fọ̀ ọ́?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ojú ló tì mí láti sọ ọ́. Ìwọ ni màá dá lóhùn lónìí.

Kí n tó ri ìwé yẹn sómi, mo ṣí i. Mo ń ṣí i lọ títí mo fi kan ewé kan tó jẹ́ èmi. Mo wà lórí àga nínú pálọ̀, mo wọ yunifọ́ọ̀mù, mo ti sùn lọ. Orí mi ṣubú sẹ́yìn, ẹnu mi là sílẹ̀. Ọwọ́ mi kan ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí ọwọ́ òkú. O ya bàtà mi tí mo bọ́ sílẹ̀, o ya ìbọ̀sẹ̀ mi tó lu. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Gbogbo àárẹ̀ tí mo ti kó pa mọ́ fún Ìwó, fún mọ́ṣáláṣí, fún ìwọ pàápàá, ọmọ mi ti jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ti kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní lọ́kàn mi, àṣé ó mọ̀. Ọmọ yìí mọ bí mo ṣe rí.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu. Gbólóhùn ọkùnrin ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wà lápò mi, mo kàn fà á yọ ni. Bí ewé yẹn kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n bá ọ sọ̀rọ̀ tàbí kí n gbàgbé. Àwòrán tó dára jù nínú ìwé náà ni, òun ni mo sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa rẹ́.

Mo tọ́jú èyí sínú fún ọdún mẹ́rìnlá. Àná ni mo sọ ọ́ fún Mummy rẹ. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní, "Mo mọ̀. Ruka fi drawing yẹn hàn mí kí ẹ tó rí i. Ẹ kọ̀wé sí i, Daddy Ruka. Ó ti tó gẹ́ẹ́."

Mo ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà yẹn. O ya igi Peckham Rye, o ya òrùlé ilé, o ya ìkòkò tíì sórí káàdì tí o fi kí Mummy rẹ kú ọjọ́ ìbí. O kò ya ènìyàn kan mọ́. Àwọn olùkọ́ rẹ rò pé ilé àti igi ló wù ọ́. Èmi mọ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá fi àwòrán tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ hàn wá, tí mo bá ní "ó dára," mo mọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí o ní omi ni ọ̀tá yín, ó wá yé mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo ti ọ́ sídìí iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì ń fi ọ́ yangàn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí o lo gbogbo ayé rẹ fún títọ́jú àwọn ènìyàn tí ẹlòmíràn yà, kí tìrẹ má tún jáde mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ló ti wá.

Bí o bá ṣẹ ènìyàn, ìmọ̀ràn tó kù nìyí, tètè sọ ọ́. Má dúró kí ó di ọdún mẹ́rìnlá kí o tó wá gègé. Tí ó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sí bí o ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní kéré.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin rẹ. Ní Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá kírun ọ̀sán tán, màá jókòó sí pálọ̀. Mi ò ní múra, mi ò ní gẹ irùngbọ̀n. Mú ìwé wá, mú yíǹkì tó bá wù ọ́ wá, kí o yà mí. Yà mí bí o bá ṣe rí mi, mi ò ní bẹ̀ ọ́ kí o ṣe orúnkún yìí lóore. Bí o bá parí rẹ̀ tán, tìrẹ ni, gbé e lọ sí Edinburgh, mi ò ní béèrè láti rí i àfi tí o bá fi hàn mí.

Bí o bá wá tí ọwọ́ rẹ sì kọ̀, mi ò ní bínú. A ó jẹun, màá tún jókòó nígbàkigbà tí o bá wálé. Ṣùgbọ́n dárí jì mí, Rúkáyátù. Èmi ni mo ba ìwé rẹ jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í ṣe omi.

Bàbá rẹ,
Múfútàù.